Àdùnní, Kàkó Dà Nínú Àtẹ Rẹ?

Àdùnní, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé ìwé lò ń kà ni, àbí ògiri lò ń kùn? Gbogbo ojú ewé ló ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, kò síbi tí ojú lè dúró sí mọ́. O tún ń rẹ́rìn-ín! Mo ní ta ló bá Àkàrà-Ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, o pe Kàkó, o pe Olóhùn-iyọ̀, lo bá ń ká èékánná jẹ. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí Fágúnwà ti gbé jáde láti 1938, tí àgbà ṣì ń tún kà, ìwọ fẹ́ kà á tán lọ́sàn-án kan.

Ó yá, mú bébà tí kò nílà wá. Fa ìlà gbọọrọ kan, ọ̀nà Àkàrà-Ògùn ọdẹ nìyẹn. Dá a sí mẹ́ta. Ìrìn méjì àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló wọ Igbó Irúnmalẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọba ló rán an. Kọ ẹni tó rán an sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé o rí i pé ìkẹta yàtọ̀, o kò sì tíì kọ gbólóhùn kan?

Nísinsìnyí, ṣe àtẹ fún ìrìn kẹta yẹn nìkan: orúkọ, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tó fi sílẹ̀ nílé. Ìmọ̀dòye, ọgbọ́n. Olóhùn-iyọ̀, orin. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ, ó gbọ́ èdè ẹranko. Kàkó, kùmọ̀. Kí ló fi sílẹ̀? Ìyàwó tó rọ̀ mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ lọ, tí òun sì pa! Èyí kò gba inú àlàfo kékeré yẹn, ọmọ mi. Fa ọfà jáde sí etí bébà, kí o béèrè níbẹ̀ pé: ṣé akin nìyí ni, àbí ìkà? Irú ibẹ̀ ni tíṣà ti máa ń yọ ìbéèrè.

Bí wọ́n bá ní kí o fi ìwé yìí wé Igbó Olódùmarè, ìwé Fágúnwà mìíràn, òbìrí méjì tó wọnú ara wọn ni kí o yà, irú èyí tí John Venn, ará Ìlú Ọba, kọ nípa rẹ̀ ní 1880. Olówó-ayé bàbá sí ẹ̀gbẹ́ kan, Àkàrà-Ògùn ọmọ sí ìkejì. Àárín ni ohun tí wọ́n jọ ní máa wà. Má fi òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ o, mo mọ̀ ẹ́.

Ẹ̀n-ẹ́n, àlàfo yìí ṣófo. Tafàtafà wọn, kí lorúkọ rẹ̀? Má wojú mi, ṣí ìwé!