"Ẹ Bá Mi Gé Hóró Mẹ́rin"

Láti Ìyànà-Ìpájà dé Bárúwà ní Èkó, kẹ́míìsì kò wọ́n. Ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn á yà síbẹ̀ bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. "Ẹ bá mi gé Ampiclox hóró mẹ́rin." Ẹni tó ń tajà á fi sísọ́ọ̀sì gé e lára káàdì, ó parí. Kò sí àyẹ̀wò, kò sí ìwé dókítà. Bí ọ̀fun bá rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, hóró tó ṣẹ́kù á wà nílẹ̀ dìgbà mìíràn.

Ampiclox, Septrin àti amoxicillin, oògùn apakòkòrò ni wọ́n. Bakitéríà ni wọ́n ń pa, ìyẹn kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí. Wọn kò rí ọ̀fìnkìn gbé ṣe, nítorí fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Ọ̀pọ̀ ọ̀fun dídùn náà, fáírọ́ọ̀sì ni. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀, oògùn á wá gba ọpẹ́ tí kò tọ́ sí i.

Agbára àwọn bakitéríà kò dọ́gba. Oògùn tí kò tó á pa àwọn tó rọ̀, àwọn tó le á ṣẹ́kù, wọ́n á sì máa bí sí i. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọ̀kan lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n tún lè fi agbára yẹn ran bakitéríà mìíràn tí kì í ṣe ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kó yé wa dáadáa: ara ènìyàn kọ́ ni kò gbóògùn mọ́, kòkòrò náà ni. Ìdí nìyí tí ọmọ jòjòló tí kò lo oògùn rí fi lè kó kòkòrò tí kò gbóògùn.

Alexander Fleming, tó ṣàwárí penicillin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1928, ti rí i tẹ́lẹ̀. Nígbà tó lọ gba ẹ̀bùn Nobel ní oṣù Kejìlá 1945, ó sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ọ̀fun ń dùn. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ra penicillin, kò sì lò ó tó. Kòkòrò kò kú, ṣe ló gbọ́n sí i. Ó ran ìyàwó rẹ̀, ó di òtútù àyà. Wọ́n fún obìnrin náà ní penicillin, kò ṣiṣẹ́, ó sì kú. Ìtàn àròsọ ni Fleming sọ, ṣùgbọ́n ẹ fi Ampiclox rọ́pò penicillin inú rẹ̀, Ìpájà lẹ dé yẹn.

Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ní 2019 nìkan, kòkòrò tí kò gbóògùn pa nǹkan bí 64,500 ènìyàn ní Nàìjíríà.

Èmi kò bú ẹni tó ra hóró mẹ́rin. Ibi tí owó rẹ̀ mọ nìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ 2023, ilé-iṣẹ́ GSK, tó ń ta Ampiclox àti Augmentin, kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, owó oògùn wọn sì gbẹ́nu sókè. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, orúkọ lásán là ń sanwó fún. Amoxicillin kan náà wà nínú oríṣiríṣi páálí, owó wọn kò sì dọ́gba. Bí dókítà bá kọ oògùn ọjọ́ márùn-ún, tí owó ọwọ́ yín kò ká a, ẹ má ní kí wọ́n gé e sí méjì. Ẹ bi apòògùn bóyá èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n wà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀, kí ẹ sì ra ti ọjọ́ márààrún pé.