Ìsokọ́ra Ọgbọọgba àti Ìpamọ́ Jọ́nà: Àpẹẹrẹ LOCKSS

Nínú ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀, ọ̀kan ni ó ń pèsè, àwọn yòókù ń gbà. Ti peer-to-peer yàtọ̀: ọgbọọgba ni gbogbo wọn, èyí tó ń gbà náà ni ó ń fúnni, bí àgbẹ̀ tó ń ṣe àáró. Napster, tó jáde ní 1999, ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Orin ni wọ́n ń fi pín títí ilé-ẹjọ́ fi dá sí i ní 2001. Kò yẹ kí olùkọ́ tìtorí ìyẹn kọ ìlànà náà.

Ní 1999 kan náà ni LOCKSS bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà. Ilé-ìkàwé kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú ẹ̀dà jọ́nà tó ní ẹ̀tọ́ sí. Lóòrèkóòrè, àwọn kọ̀ǹpútà wọn a máa dìbò, wọn a fi ẹ̀dà wọn wéra. Kódà bí àmì ohùn kan ṣoṣo bá jábọ́ lára ọ̀rọ̀, ìfiwéra náà yóò fi í hàn. Èyí tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ yóò gba àtúnṣe lọ́dọ̀ atẹ̀wéjáde tàbí lọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ kò sì ní fún un àfi tó bá mọ̀ pé ó ti ní ẹ̀dà náà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé nìyẹn.

Jọ́nà ẹ̀ka Yorùbá tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, bí kọ̀ǹpútà náà bá kú, ó parí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́rin tàbí márùn-ún lè máa tọ́jú ti ara wọn, kí wọ́n fi ẹ̀dà wéra ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.