Bàlúù Kékeré Alápá Méjì

Gbogbo wa la ti rí bàlúù tó ń kọjá lókè. Ènìyàn ló jókòó sínú rẹ̀ tó ń wà á. Ṣùgbọ́n bàlúù kan wà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó kéré, ènìyàn kan lè gbé e. Ẹni tó ń wà á dúró lórí ilẹ̀, ó di àpótí rédíò kékeré mú. Ọ̀pá kéékèèké méjì wà lára àpótí náà. Bí ó bá ti ọ̀pá, rédíò á gbé àṣẹ lọ sókè, bàlúù á sì yí.

Ní Amẹ́ríkà, ìbejì kan, Walter àti William Good, ti fi rédíò darí irú bàlúù bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1937.

Kí ló dé tí òmíràn fi ní apá méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni bàlúù tí Orville àti Wilbur Wright fi fò ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, ọdún 1903 ṣe rí. Igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é. Apá méjì tí a fi òpó àti wáyà so pọ̀ máa ń lágbára. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ afẹ́fẹ́ ju apá kan lọ. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì lójijì, eré rẹ̀ á tán kíá, á sì já bọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa dín eré rẹ̀ kù bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀.

Ibi tó le jù nìyí. Bí bàlúù bá kọ ẹ̀yìn sí wa, ọ̀tún rẹ̀ ni ọ̀tún wa. Bí ó bá kọjú sí wa, tó ń bọ̀, ọ̀tún rẹ̀ di òsì wa. Ẹ kọjú sí ẹnìkejì yín, ẹ ó rí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti ń fọ́ bàlúù. Kí ni ká ṣe? Bí ó bá ń bọ̀, tí apá kan rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ẹ ti ọ̀pá sí ìhà ibi tó rọ̀ náà. Á gbé e dìde, bí igi tí a fi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ ṣubú.

Ẹ rántí:

1. Ẹ yẹ bátìrì wò kí bàlúù tó gbéra.
2. Ẹ tan àpótí ọwọ́ yín kí ẹ tó tan ti inú bàlúù. Bí ẹ bá parí, ti inú bàlúù ni kí ẹ kọ́kọ́ pa.
3. Ẹ kọjú bàlúù sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kó tó gbéra.
4. Ẹ má fi ọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ tó ń yí. Ó lè gé ìka.
5. Ẹ má ṣe fò ó kọjá lórí ènìyàn. Bàlúù tó fọ́ ṣeé tún kàn. Orí ènìyàn kò ṣeé kàn.

Ìbéèrè

1. Níbo ni ẹni tó ń wa bàlúù kékeré máa ń wà?
2. Kí ló dé tí a kì í pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lójijì?
3. Bàlúù ń bọ̀ wá bá yín, apá tó wà ní òsì yín rọ̀ sílẹ̀. Ìhà wo ni ẹ ó ti ọ̀pá sí?