Akọ̀ròyìn àti Akọ̀lànà-ẹ̀rọ: Àyẹ̀wò Ìperí Méjì

Ní ọdún 2009 ni ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hacks/Hackers bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn mẹ́ta tí ó dá a sílẹ̀ ni Burt Herman, tí ó ti ṣe akọ̀ròyìn fún Associated Press. Aron Pilhofer, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní New York Times nígbà náà. Àti Rich Gordon, olùkọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní Yunifásítì Northwestern. Ète wọn ni pé kí akọ̀ròyìn àti ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa pàdé, kí wọ́n sì jọ máa ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ náà tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní àgbáyé. Orúkọ rẹ̀ ni ó di ìṣòro fún olùtumọ̀ Yorùbá, nítorí bí ó bá ṣì í túmọ̀, òǹkàwé lè gbà pé ńṣe ni àwọn akọ̀ròyìn lọ bá àwọn olè mulẹ̀.

Hack kò le púpọ̀. Ẹṣin tí a ń háyà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá; lẹ́yìn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń bú òǹkọ̀wé tí ó ń kọ ohunkóhun tí olówó bá ní kí ó kọ. Àwọn akọ̀ròyìn gba èébú náà, wọ́n sì ń fi í ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́. Kò sí ìdí tí olùtumọ̀ yóò fi tọ ẹṣin yìí lọ. Akọ̀ròyìn wà nílẹ̀, a sì ti ń kọ ìròyìn ní èdè Yorùbá láti 1859 tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ yóò sọnù, ṣùgbọ́n àdánù kékeré ni.

Hacker ni ó ṣòro. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ṣẹ̀dá rẹ̀ ni kí a fi àáké gé nǹkan wọ́gẹwọ̀gẹ. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní MIT, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ afọkọ̀-ojú-irin-kékeré-ṣeré, ń fi í pe àrà tí ènìyàn bá fi ọgbọ́n dá. Wọ́n sì mú un wọ inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, àwọn ìwé ìròyìn ń fi í pe ẹni tí ó já wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ìtumọ̀ kejì yìí ni ó dé etí Yorùbá, ìdí nìyí tí gbájúẹ̀ fi máa ń yára wá sí ẹnu. Àṣìṣe ni, kì í sì í ṣe nítorí ẹgbẹ́ yìí nìkan. Gbájúẹ̀ a máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ènìyàn títí yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó owó sílẹ̀. Ẹni tí ó já wọ inú ẹ̀rọ kò nílò láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kólékólé orí kọ̀ǹpútà ni ó bá tirẹ̀ mu.

Ìròyìn kan tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2016 fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Ìwé àṣírí ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní Panama, tí iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù 11 lọ, bọ́ sí ọwọ́ ìwé ìròyìn Süddeutsche Zeitung ní Jámánì, òun sì pín in pẹ̀lú ICIJ, àjọ àwọn akọ̀ròyìn aṣèwádìí káríayé. Kò sí akọ̀ròyìn tí ó lè fi ojú ka irú òkìtì bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n sọ ìwé tí ó jẹ́ àwòrán lásán di ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè wá rí, tí wọ́n sì so orúkọ ilé-iṣẹ́ mọ́ orúkọ ẹni tí ó ni ín. Nínú ọ̀ràn kan náà, ọ̀kan nínú àwọn olórí ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò náà sọ pé àwọn kan ni ó ti ìta já wọ inú ẹ̀rọ àwọn. Hacker ni èdè Gẹ̀ẹ́sì lè pe irú ènìyàn méjèèjì. Bí Yorùbá náà bá fi ìperí kan ṣoṣo pè wọ́n, orúkọ ẹni tí ó jókòó ṣiṣẹ́ ni yóò bàjẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí a wò ni iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe. Kọ̀ǹpútà kò lè dá ohunkóhun ṣe àfi bí ènìyàn bá kọ ohun tí yóò ṣe sílẹ̀ fún un ní ẹsẹẹsẹ. Ẹni tí ó ń kọ ìlànà yìí ni akọ̀lànà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó wà nínú akọ̀ròyìn àti akọ̀lànà, wọ́n sì ń dún papọ̀ gẹ́gẹ́ bí hack àti hacker ti ń dún papọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ orí kọ̀ wá láti ara fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ìlànà, tí a ti pa jẹ, bí ó ti rí nínú akọ̀wé. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kíkọ̀. Àléébù kan wà níbẹ̀: òǹkàwé lè rò pé ẹni tí ó ń ṣe òfin ìjọba ni akọ̀lànà. Nítorí náà ni ó fi dára kí a fi ẹ̀rọ kún un, kí ó di akọ̀lànà-ẹ̀rọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gùn díẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT àtijọ́, tí kì í ṣe ìlànà nìkan ni wọ́n ń kọ, adárà-ẹ̀rọ ni yóò sàn jù.

Ẹgbẹ́ sàn ju àjọ lọ fún irú àkójọpọ̀ yìí, nítorí àjọ a máa mú ọkàn lọ sí ti ìjọba. Ẹ̀ka sì ni ti ìlú kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àbísọ rẹ̀ kò ṣeé túmọ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá jẹ yọ, kí olùtumọ̀ kọ ọ́ báyìí: Hacks/Hackers, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn àti akọ̀lànà-ẹ̀rọ káríayé, lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ náà ti tó.