Nígbà Tí Nọ́ọ̀sì Bá Pe Orúkọ Adití

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ilé ìwòsàn ìjọba máa ń kún ní Abẹ́òkúta. Àwọn èèyàn á gba káàdì, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa retí. Nọ́ọ̀sì á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á pe orúkọ kan, á tún un pè. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, á pe ẹlòmíì. Adití tó bá wà láàrin wọn ń wo ẹnu nọ́ọ̀sì, ó ń wo ẹni tó dìde, ó sì ń wo káàdì ọwọ́ ara rẹ̀. Ìwé ni nọ́ọ̀sì ń wò ní tirẹ̀, kò gbójú sókè. Bí wọ́n ṣe máa fo orúkọ adití nìyẹn, tí ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ á sì ti rí dókítà.

Kò sí àtẹ̀gùn tó dí i lọ́nà. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, síbẹ̀ kò rí ohun tó bá wá gbà. Òfin Nàìjíríà sọ̀rọ̀ lórí irú ìdènà yìí, àmọ́ àwọn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá ti dárúkọ òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá, kẹ̀kẹ́ àti àtẹ̀gùn nìkan ló ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn.

Oṣù January ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Àwọn àkàndá ti jà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ wọn ní 2007, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó kò dúró de Àbújá. Ọdún 2011 ni wọ́n ti ṣe òfin tiwọn nígbà Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá. Lójú òfin 2019, ẹni tí ojú, etí tàbí ẹsẹ̀ ń dà láàmú nìkan kọ́ ni àkàndá. Ẹni tí ìṣòro rẹ̀ wà níbi ríronú náà wà nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí Abẹ́òkúta wà, kò ṣàjèjì sí gbígba irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn káàkiri ayé wá gbọ́ nípa rẹ̀. Kò ti àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn mọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa gbé láàrin àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí mọ̀lẹ́bí kan sì bá aláìsàn wá. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn èèyàn tàkúrọ̀sọ. Lambo gbà pé àwùjọ wà lára oògùn.

Ní ti ilé, òfin 2019 ní kí wọ́n tún gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò ṣe láàárín ọdún márùn-ún, kí àkàndá lè máa wọ̀ wọ́n. Gbèdéke náà pé ní January 2024. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fọwọ́ sí àwòrán ilé tí kò bá òfin mu lè san mílíọ̀nù kan náírà ó kéré tán, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò fún ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni pé bí ẹnu ọ̀nà bá fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju ilẹ̀ lọ, kí ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24. Èyí tó bá ga bí òrùlé ilé, ẹ̀yìn ni kẹ̀kẹ́ máa yí padà sí. Ìlú olókùúta ni Abẹ́òkúta, iṣẹ́ yìí kò sì rọrùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n tún àyíká Òkè Olúmọ ṣe ní 2006, wọ́n gbé ẹ̀rọ lífítì síbẹ̀ láti máa gbé èèyàn gòkè. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ iná, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, nítorí ọjọ́ tó bá dákẹ́, ìsàlẹ̀ ni oníkẹ̀kẹ́ máa jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ sísọ kò náni tó bẹ́ẹ̀. Òfin 2019 sọ pé ilé ìwòsàn ìjọba tó bá ń tọ́jú ẹni tó ní ìṣòro ìbánisọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ọ̀nà tí wọ́n á fi gbọ́ra yé. Ó ní kí wọ́n máa kọ́ èdè ọwọ́ àti ìwé Braille ní ilé ẹ̀kọ́. Ó tún ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá àkàndá lóhùn níbi tí èèyàn bá tò sí. Nọ́ọ̀sì tó kọ nọ́ńbà gàdàgbà sára pátákó, tàbí tó rìn wá fọwọ́ kan adití léjìká, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Àṣìṣe kan tún wà tó wọ́pọ̀. Bàbá kan tí kò ríran dé báńkì, ọmọ rẹ̀ ló mú un lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ báńkì kọjú sí ọmọ, ó ní, "Kí ni bàbá yìí fẹ́?" Bàbá ń gbọ́. Owó bàbá ni. "Ẹ káàárọ̀ sà, kí ni ká bá yín ṣe?" ló yẹ kó sọ, kó sì kọjú sí bàbá fúnra rẹ̀. Bákan náà, bí ògbufọ̀ bá wà pẹ̀lú adití, adití ni kí dókítà máa wò, kì í ṣe ògbufọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin tiwọn lórí àkàndá ti wà láti 1990, wọn kò gbà kí ilé ìwòsàn sọ ọmọ kékeré di ògbufọ̀ òbí rẹ̀, àfi bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì. Ó bọ́gbọ́n mu. Kò yẹ kó jẹ́ ẹnu ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá á ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún òun.

Ọ̀nà kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo adití mu. Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà tan mọ́ ti Amẹ́ríkà. Àmọ́ adití tó dàgbà lóko, tí kò dé ilé ẹ̀kọ́ rí, àmì tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ jọ ṣe ló mọ̀. Bí wọ́n bá kọ ìwé fún un, kò lè kà á. Bí wọ́n bá pe ògbufọ̀ tó kàwé, ó lè má yé e. Ohun tó yẹ ni kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nílé, kó sì fún un láyè.

Ibi ìdìbò fi hàn pé ìjọba lè ṣe é bó bá fẹ́. Òfin ìdìbò 2022 ní kí INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, pèsè Braille, lẹ́tà ńlá tó yọ sókè àti ògbufọ̀ èdè ọwọ́. Láti ìdìbò 2019 ni wọ́n ti ń lo pátákó Braille kan tí wọ́n ń fi ìwé ìdìbò sí. Afọ́jú tó mọ Braille á fi ìka wá orúkọ ẹgbẹ́ tó fẹ́, á sì tẹ̀ka síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè mú ẹni tó fọkàn tán dání. Òun ló máa yan onítọ̀hún.

Lábẹ́ òfin 2019, ẹni tí wọ́n bá dí lọ́nà láti wọ ilé tí ará ìlú ń lò ní ohun tó lè ṣe. Ó lè fi tó aláṣẹ ibẹ̀ létí. Bí aláṣẹ náà bá mọ̀, tí kò sì wá nǹkan ṣe, iléeṣẹ́ lè san 10,000 náírà fún un fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo lè san 5,000. Ìtanràn ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà fún iléeṣẹ́, 100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún ẹnì kan. Nítorí owó tí wọ́n ń kà lójoojúmọ́ yẹn, ìwé dára ju ẹnu lọ láti fi tó aláṣẹ létí. Kí ó kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí èyí tó máa mú lọ sílé, kí wọ́n sì kọ déètì sí i, torí láti ọjọ́ yẹn ló ti lè máa ka ọjọ́ tí wọn kò ṣe nǹkan kan. Bí kò bá lówó lọ́yà, Legal Aid Council ni ìjọba dá sílẹ̀ láti máa ran irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.