Ohun tí ó Yẹ kí a Sọ kí a tó Gba Abẹ́rẹ́ Àjẹsára



Nígbà tí a rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní Sábó ní ìlú Ọ̀yọ́, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní ọjọ́ kan, ni ọmọbìnrin kan bá dìde. Ó ní, "Tíṣà, àbúrò mi ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìyá mi kò gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi nítorí pé ọ̀finkìn ń ṣe é. Ǹjẹ́ ó dára bẹ́ẹ̀?" N kò lè dá a lóhùn. Ojú tì mí, mo sì lọ wádìí.

Àjẹsára kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Òmíràn jẹ́ kòkòrò àrùn tí a ti pa, tàbí apá kan lára rẹ̀. Òmíràn sì jẹ́ kòkòrò tí ó wà láàyè, ṣùgbọ́n tí a ti sọ di aláìlágbára. Ti èéyi, ti ibà pọ́njú àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ wà nínú irú kejì yìí. Òun ni ó gba ìṣọ́ra, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ bí sí i díẹ̀ nínú ara kí ara tó kọ́ bí a ti í bá a jà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti ibà pọ́njú. Ní 1927 ni a gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Ghana, tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Láti inú kòkòrò tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àjẹsára náà jáde ní 1937. (Àwọn tí ń pè é ní oògùn òyìnbó lásán kò mọ èyí.) Ara tí ó le yóò kápá kòkòrò tí a ti sọ di ọ̀lẹ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn éèdì ti jẹ ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ run, tàbí ẹni tí ń gba oògùn jẹjẹrẹ, tàbí ẹni tí ń lo prednisolone púpọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ọ̀lẹ yìí lè di alágbára nínú rẹ̀. Inú ẹyin adìyẹ ni a sì ti ń tọ́ kòkòrò náà. Nítorí náà ẹni tí ẹyin jíjẹ máa ń dá àìsàn líle sí lára gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, abẹ́rẹ́ ni ó wà nínú ewu, kì í ṣe ènìyàn. Bí ibà bá fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbẹ tí a sì fa ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà sí i lára, agbára tí ẹ̀jẹ̀ yẹn ní láti bá èéyi jà lè pa kòkòrò inú abẹ́rẹ́ kí ara ọmọ tó rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà ni pé kí a dúró nǹkan bí oṣù 6 lẹ́yìn irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí kan náà ni a kò fi í tètè gún ìkókó ní abẹ́rẹ́ èéyi ní ilẹ̀ wa títí yóò fi pé oṣù 9: ohun tí ó gbà lára ìyá rẹ̀ ṣì ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn ibà pàápàá kò gbẹ́yìn. Ní 1986 àwọn oníwádìí kan fi hàn pé chloroquine ń dín iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi kù bí a bá gún un sínú awọ ara.

Ọ̀finkìn ńkọ́? Kò dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ara gbígbóná díẹ̀. Àìsàn líle nìkan ni a ń torí rẹ̀ sún ọjọ́ síwájú. Ó dùn mí pé èyí tí kò ṣe nǹkan kan ni àwọn ìyá wa ń bẹ̀rù, èyí tí ó léwu ni ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n sọ. Bẹ́ẹ̀ èéyi ń pa ọmọ.

Mo padà sọ fún ọmọbìnrin náà. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, ó wí fún mi pé a ti gún àbúrò òun, ti òun ti ikun imú rẹ̀.