Afẹ́fẹ́ Kò Ní Ààlà: Ẹ̀kọ́ lórí Èéfín àti Ìlera Àdúgbò

Ìdí ẹ̀kọ́ yìí

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan lè ṣàlàyé ibi tí èéfín àti eruku inú Àbújá ti ń wá, ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara ènìyàn, ohun tí òfin sọ, àti ojúṣe tó já lé òun fúnra rẹ̀ léjìká.

Ìfáàrà

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé oko kì í jẹ́ ti baba-tọmọ kó má ní ààlà. Ilẹ̀ ní ààlà, ilé ní ògiri, yàrá ní ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ kò ní ìkankan nínú wọn. Bí ẹnì kan bá dáná sun pàǹtí ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Kubwa ní ìdájí, kì í ṣe ilé tirẹ̀ nìkan ni èéfín náà yóò dé. Yóò gba ojú fèrèsé wọlé tọ arúgbó tó ń sinmi, yóò bá ọmọ ọwọ́ lórí ẹní, yóò sì ká aboyún mọ́ ibi tó ti ń múra iṣẹ́. Òwe mìíràn sọ pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ti èéfín kọjá bẹ́ẹ̀: ó ń tọ ẹni tó dáná, ó sì ń tọ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí kó tó di ọ̀rọ̀ òfin.

Ibi tí èéfín Àbújá ti ń wá

Ní ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó dá Agbègbè Olú-Ìlú sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 1991, ibùjókòó ìjọba kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá. Ìlú tí a fètò kọ́ ni, kí ìfúnpọ̀ tó bá Èkó má bàa bá a. Ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ ju ètò lọ, ohun tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ sì ti pọ̀ pẹ̀lú wọn.

Àkọ́kọ́ ni pàǹtí. Níbi tí ọkọ̀ akópàǹtí kì í dé déédéé, iná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń palẹ̀ mọ́. Ọ̀rá àti ike tó ń jó máa ń tú májèlé sínú afẹ́fẹ́. Èkejì ni ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, tí ìdílé àti ṣọ́ọ̀bù fi ń rọ́pò iná ìjọba. Ẹ̀kẹta ni igi ìdáná àti èédú. Láti ìgbà tí owó gáàsì ti ga, ọ̀pọ̀ ilé ló ti padà sídìí wọn. Ẹ̀kẹrin ni táyà tí àwọn kan fi ń sun awọ màlúù láti fi ṣe pọ̀nmọ́. Ẹ̀karùn-ún ni eruku àpáta tí ẹ̀rọ ń fọ́ ní agbègbè bíi Mpape, níbi tí òkúta tí wọ́n fi ń kọ́ ilé àti ọ̀nà ti ń wá. Nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, tòun ti eruku aṣálẹ̀ Sàhárà, gbogbo rẹ̀ yóò wá gùn lé ara wọn.

Ohun tí èéfín ń ṣe nínú ara

Èéfín tí ojú ń rí kọ́ ló léwu jù. Inú rẹ̀ ni àwọn ègé wẹ́wẹ́ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5. Irun orí ènìyàn kan nípọn tó ọ̀kan nínú wọn ní nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n. Irun imú kò lè dá wọn dúró. Wọ́n a wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, òmíràn nínú wọn a sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ikọ́ fée, òtútù àyà, àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti ń rí ọ̀nà wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 7 ènìyàn ni afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́, ti ìta àti ti inú ilé, ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé.

Ọmọdé ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ó ń mí kíákíá ju àgbàlagbà lọ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣì ń dàgbà, ó sì sábà máa ń wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Aboyún tó ń fa èéfín símú lè bí ọmọ tí kò tóbi tó. Òṣìṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta láìbo imú lè ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kò ní oògùn tó lè mú un kúrò.

Jẹnẹrétọ̀ ní ewu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Gáàsì káábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì tó ń tú jáde kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó bá sùn tì í nínú yàrá tó sé mọ́lé lè má jí mọ́.

Ẹ̀kọ́ láti ibòmíràn

Ní Bangladesh, èédú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ebu bíríkì fi ń sun amọ̀, èéfín wọn sì wà lára ohun tó ń bo ìlú Dhaka nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún 2013, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin tó dènà kíkọ́ irú ebu bẹ́ẹ̀ sí ìtòsí ilé gbígbé àti ilé ẹ̀kọ́. Àwọn oníṣẹ́ kan yí bí wọ́n ṣe ń to bíríkì nínú iná padà, kí afẹ́fẹ́ lè máa lọ́ kọjá láàárín wọn. Èéfín dín kù, èédú tí wọ́n ń rà náà sì dín kù. Iṣẹ́ kò parẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló yí padà.

Ní London, èéfín èédú bo ìlú fún ọjọ́ márùn-ún nínú oṣù Kejìlá ọdún 1952. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kú. Ní ọdún 1956 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́, tó fún àwọn ìlú láṣẹ láti dín èéfín inú ilé kù.

Nílé wa níhìn-ín, láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará Port Harcourt ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí èédú dúdú lórí aṣọ tí wọ́n sá àti lórí ọkọ̀ wọn. Àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì lọ́nà àìtọ́ wà lára ohun tó fà á. Ní ọdún 2018, àwọn ará ìlú jáde láti bèèrè àtúnṣe. Wọn kò gbà pé kádàrá ni èéfín.

Ohun tí òfin sọ

Abala 20 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 1999 sọ pé ojúṣe ìjọba ni láti dáàbò bo àyíká, kí ó sì pa omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ mọ́. Abala 24 náà sọ ojúṣe ọmọ ìlú: kí ó ṣe ohun tí yóò mú ìdàgbàsókè àti àlàáfíà bá àwùjọ tó ń gbé. Àjọ AEPB, tí òfin ọdún 1997 dá sílẹ̀, ló ń bójú tó ìmọ́tótó àyíká Àbújá. Àjọ NESREA, ti ọdún 2007, ló ń mú kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹ̀ lé òfin àyíká jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní agbo ilé kan wà ní Nyanya tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé. Jẹnẹrétọ̀ Bàbá Tọ́pẹ́ wà lábẹ́ fèrèsé Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú ìbejì náà sì ní ikọ́ fée. Ìyá Ìbejì lè dákẹ́ nítorí àlàáfíà, tàbí kí ó bínú pariwo. Àwọn àgbà ti sọ èyí tó dára jù: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ó lọ bá a nírọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní: "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín kékeré kì í lè mí dáadáa lóru. Ẹ bá wa gbé ẹ̀rọ yìí sún."

Ṣùgbọ́n Bàbá Tọ́pẹ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀: iṣẹ́ télọ̀ ló ń fi iná náà ṣe, bí ó bá sì gbé ẹ̀rọ jìnnà, olè lè gbé e. Ìdílé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jókòó, wọ́n dá owó ra irin àti àgádágodo, wọ́n ṣe àtíbàbà sí ìpẹ̀kun ọgbà. Ọmọ rí afẹ́fẹ́ mí, iṣẹ́ kò sì dúró. Ẹni tí a sọ fún pé kó ṣíwọ́ èéfín gbọ́dọ̀ rí ìrànlọ́wọ́, pàápàá bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá.

Ojúṣe wa

1. Kí á má ṣe dáná sun pàǹtí, pàápàá ọ̀rá, ike àti táyà. Kí àdúgbò para pọ̀ ṣètò bí a ó ṣe kó o.
2. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ihò èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni.
3. Kí ẹni tó ń fi igi tàbí èédú dáná ṣe é níta gbangba, kí ọmọdé má sì sí nídìí rẹ̀.
4. Kí àwọn tó ń fọ́ òkúta máa wọ́n omi sí eruku, kí wọ́n sì fún òṣìṣẹ́ ní ìbomú.
5. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára àdúgbò, kí á kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí àjọ AEPB, kí á sọ ibi, ọjọ́ àti àkókò. Bí pàǹtí kò bá rí akópàǹtí, ẹ̀tọ́ wa ni láti bèèrè ìdí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló ń mú èéfín wá jù ní àdúgbò yín, ta ló sì ń jìyà rẹ̀ jù?
2. Bí ẹ bá jẹ́ Bàbá Tọ́pẹ́, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ?
3. Kí ni àdúgbò lè fi ran ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà nínú iná lọ́wọ́?

Ìparí

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ènìyàn lè yan omi tó máa mu àti oúnjẹ tó máa jẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè yan afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín àwùjọ. Ohun tí a bá tú sójú ọ̀run Àbújá lónìí ni àwọn ọmọ wa yóò fà símú lọ́la.